Ohun Tí Ẹ̀rọ Àwárí Ń Rí Nígbà tí Ajá tàbí Ológbò Bá Ń Ṣàìsàn

Ẹ̀rọ àwárí kì í rí ajá, kì í sì í rí ológbò. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá tẹ̀ sí i ló sábà ń rí. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè nǹkan kan ni Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ka àìmọye ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí ìbéèrè bá wá dé, wọ́n á wo ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti oníbèérè mu, wọ́n á wo bí àwọn ìkànnì mìíràn ṣe ń tọ́ka sí i, pẹ̀lú oríṣiríṣi àmì mìíràn, kí wọ́n tó pinnu èyí tó máa lékè. Èyí tó wà lókè pátápátá lè jẹ́ ìpolówó tí wọ́n sanwó fún. Ọ̀rọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ojú sì máa ń fò ó.

Àmọ́ inú ìbéèrè gan-an ni nǹkan ti sábà ń dàrú. Ẹ jẹ́ ká wo akọ ológbò kan tó ń wọ inú àpótí iyanrìn tó ti máa ń tọ̀, tó sì ti máa ń yàgbẹ́, tó ń jáde, tó tún ń padà. Ó lóṣòó, ó ń fi agbára tì, ó ń ké, nǹkan kan kò jáde. Ẹni tó ń wò ó á ní ìgbẹ́ ló há a, á sì tẹ̀ ẹ́ sí fóònù pé ológbò òun kò rí ìgbẹ́ yà. Ìdáhùn tó máa rí á bá ohun tó tẹ̀ mu rẹ́gí: ẹ fún un lómi dáadáa, ẹ po elégédé mọ́ oúnjẹ rẹ̀, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ni kò rí ọ̀nà jáde. Ihò ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín débi pé òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ohun kíki bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè dí i pa. Bí ó bá ti dí, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀, pọtásíọ̀mù, irú èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, á ga, ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, ológbò náà lè kú. Irọ́ kankan kò sí nínú ojú ìwé tí ó kà. Ìbéèrè ológbò mìíràn ló dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí ó fi dára ká tẹ ohun tí ojú rí, ká fi orúkọ àìsàn tí a fura sí sílẹ̀. Irú ẹranko wo ni, akọ ni àbí abo, ọmọ ọdún mélòó, kí ló ń ṣe, láti ìgbà wo? “Akọ ológbò ń lóṣòó léraléra, ìtọ̀ kò jáde láti àárọ̀” á gbé ojú ìwé mìíràn wá pátápátá. Ohun tó ṣeé kà tàbí tó ṣeé wọ̀n tún dára ju “ara rẹ̀ kò yá” lọ. Ajá tàbí ológbò tí ara rẹ̀ le, tó sì ń sùn, kì í sábà mí tó ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan. Ara ajá máa ń gbóná tó ìwọ̀n 38.3 sí 39.2 lórí Celsius, nítorí náà ẹni tó bá fi 37 tèèyàn wọ̀n ọ́n á rò pé ibà ló ń ṣe ajá tí nǹkan kan kò ṣe.

Orúkọ ẹranko kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú ìbéèrè oògùn. Béèrè bóyá paracetamol dára fún ibà, tèèyàn ni wọ́n á dá ọ lóhùn. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní èròjà tó tó láti fọ́ oògùn yẹn dànù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bà jẹ́, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri mọ́, èrìgì rẹ̀ á sì máa ṣú. Permethrin, tí wọ́n ń fi pa eégbọn lára ajá, lè mú kí gìrì gbé ológbò. Xylitol tó ń dùn lẹ́nu èèyàn nínú ṣingọ́ọ̀mù máa ń já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ kíákíá. Àkópọ̀ ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń fúnra rẹ̀ kọ sókè báyìí lè po ọ̀rọ̀ ajá mọ́ ti ológbò, kó sì dún bí ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì ju ibi tó wà lọ. Merck Veterinary Manual, ìwé nípa ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1955, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ní apá tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń sìn ẹran. Ojú ìwé tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń parí sí ìgò kan tó wà fún títà, ọjà ló ń tà. Ìtàn “ohun tí mo lò fún ajá mi nìyí” náà ní àbùkù tirẹ̀: ẹni tí ajá rẹ̀ yè ló sábà ń sọ ọ́.

Àwọn ọ̀ràn kan wà tí àwárí kò tiẹ̀ yẹ kó ṣáájú ìpè sí dókítà ẹranko: ológbò tí ìtọ̀ há, ológbò tó jẹ òdòdó lily, ajá ńlá tí ikùn rẹ̀ wú tó ń gbìyànjú láti bì tí kò rí nǹkan bì, ehoro tí kò jẹun láti nǹkan bíi wákàtí 12. Bí ó bá sì jẹ́ májèlé ni ẹran gbé mì, ká má ṣe fi ohun tí a kà mú un bì, torí kẹ́míkà tó ń jó ẹran ara á tún ọ̀nà ọ̀fun jó bó bá ń padà bọ̀. Orúkọ ohun tó jẹ, iye tó jẹ àti àkókò tó jẹ ẹ́ ni dókítà á béèrè, nítorí náà páálí tàbí ìgò rẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń pè é.