Gáàsì kọ́ ló máa ń fà á nígbà gbogbo: bí a ṣe ń mọ ibi tí AC ọkọ̀ ti bàjẹ́

Bí AC ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò tutù mọ́, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu awakọ̀ ni pé gáàsì ti tán. Ṣùgbọ́n gáàsì AC kì í ṣe epo bẹntiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yípo. Bó bá dín kù, a jẹ́ pé ibì kan ń jò.

Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀, tí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ń yí, ló ń fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan. Ó kọjá sí kọ̀ńdẹ́ńsà tó wà níwájú rédíétọ̀, atẹ́gùn gba ooru lára rẹ̀, ó sì di olómi. Lẹ́yìn náà ló gba ojú ihò tóóró kan wọ ifápórétọ̀ lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù. Bó ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìfúnpọ̀ yẹn ló ń tutù nini, tí fáànù inú ọkọ̀ sì ń fẹ́ òtútù náà sí èrò lára.

Ìgbà tí òtútù bá lọ ló ń sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọkọ̀ tó ń tutù dáadáa bó ṣe ń sáré lọ sí Ìbàdàn, àmọ́ tó ń fẹ́ ooru nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Òṣòdì, fáànù iwájú rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, eré náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí kọ̀ńdẹ́ńsà. Nígbà tó bá dúró, fáànù ló yẹ kó ṣe é. Eruku ọyẹ́ àti ẹrẹ̀ náà máa ń dí ojú kọ̀ńdẹ́ńsà. Omi tí kò le ni kí a fi fọ̀ ọ́, torí omi ẹ̀rọ àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń tẹ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ojú rẹ̀ wó.

Bí kò bá tutù rárá ńkọ́? Kí a tan AC, kí a sì tẹ́tí síwájú ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, a óò gbọ́ "kà" bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a kò bá gbọ́ ọ, ó lè jẹ́ fíúsì tàbí wáyà, iṣẹ́ rewáyà nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé gáàsì ti lọ sílẹ̀ débi pé suíìṣì tó ń ṣọ́ ìfúnpọ̀ kò jẹ́ kí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ní ìdí: òróró kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ń bá gáàsì rìn ni, bó bá ń yí láìsí i, yóò jẹ ara rẹ̀. Òróró yìí kan náà ló ń tú àṣírí: ibi tó ń jò máa ń ní àbàwọ́n ọlọ́ràá tí eruku lẹ̀ mọ́.

Bí atẹ́gùn bá tutù ṣùgbọ́n tí kò lágbára, fìlítà tó ń sẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló sábà máa ń dí. Òórùn bí aṣọ tí kò gbẹ? Ọ̀rinrin ti mú kí ara ifápórétọ̀ bu. Omi tó ń kán sábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àìsàn. Èyí tó bá ń tú sí ẹsẹ̀ èrò iwájú ni kí a bẹ̀rù, rọ́bà tó ń da omi síta ti dí.

Ẹni tó bá kàn rọ gáàsì sí i láìwá ibi tó ń jò, owó oníbàárà ló ń jẹ. Ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, kó fa atẹ́gùn inú páìpù jáde, kó tó wá wọn gáàsì sí i bó ṣe wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R-134a ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò, àwọn tuntun ń lo R-1234yf, a kì í pa wọ́n pọ̀. Bó bá sì pọ̀ jù, kò ní tutù bákan náà.