Ètò ìrìnnà ìlú Groningen

Ètò ìrìnnà Groningen ni àtúntò tí ìlú Groningen, ní àríwá Nẹ́dálándì, ṣe sí àwọn òpópónà àárín ìgboro rẹ̀ ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1977. Òun ló sọ ẹsẹ̀ rírìn àti kẹ̀kẹ́ ológeere di ohun tó yá ju mọ́tò lọ níbẹ̀.

Ṣáájú ìgbà náà, ọkọ̀ tí kò ní nǹkan kan ṣe ní àárín ìlú a máa gba ibẹ̀ kọjá bọ́ sí òdìkejì. Wọn ò lé mọ́tò jáde pátápátá. Ṣe ni wọ́n pín ìgboro sí apá mẹ́rin: mọ́tò lè wọ èyíkéyìí, ṣùgbọ́n kò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Awakọ̀ tó wà lápá ìwọ̀-oòrùn, tó fẹ́ ra nǹkan lápá ìlà-oòrùn, ní láti kọ́kọ́ jáde sí títì tó yí ìgboro ká, kó rìn yípo, kó tó tún wọlé. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ á kàn là á kọjá tààrà ni. Ibi tí ọgbọ́n ètò náà wà nìyí: kò sí owó ibodè, kò sí ìwàásù, ẹni tó bá ń kánjú ni yóò fúnra rẹ̀ gbé mọ́tò sílẹ̀.

Max van den Berg, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú PvdA, ló ṣagbátẹrù rẹ̀ nínú ìjọba ìlú. Àwọn onísọ́ọ̀bù fárígá, wọ́n ní oníbàárà yóò sá. Ètò náà dúró. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ọgbà Noorderplantsoen, tí mọ́tò ń gba àárín rẹ̀ kọjá, aráàlú ló dìbò lé e lọ́dún 1994. Díẹ̀ báyìí ni àwọn tó ní kí wọ́n tì í mọ́ mọ́tò fi ju àwọn tó kọ̀ lọ.

Ní àwọn oríta kan, iná títì máa ń dá gbogbo mọ́tò dúró lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníkẹ̀kẹ́ láti ìhà gbogbo lè kọjá pọ̀, kódà ní ìdábùú. Fúnra wọn ni wọ́n ń yà fún ara wọn.

Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìrìn inú ìlú ni wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ rìn. Kì í ṣe ètò yìí nìkan ló fà á: ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ilé kò jìnnà síra, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1614 sì kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ síbẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, ìlú Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù lo irú ọgbọ́n yìí, ó pín àyíká àárín ìgboro rẹ̀ sí apá mẹ́fà.