"Ẹ jẹ́ kó dà, inú ló ń fọ̀": àṣìṣe tó ń pa abiyamọ nílé

Bi aláboyún tó fẹ́ bímọ nílé pé kí ló ti pèsè sílẹ̀. Wàá gbọ́ omi gbígbóná, abẹ tuntun, aṣọ àtijọ́ tó mọ́, ọṣẹ ọmọ. Títí ọmọ á fi ké ni gbogbo ètò yìí mọ. Wákàtí tó tẹ̀ lé igbe ọmọ ni kì í sí nínú ètò, torí ohun tí àwọn ìyá àgbà máa ń sọ bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ ni pé: "Ẹ jẹ́ kó dà, inú ló ń fọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni."

Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń parọ́. Ẹ̀jẹ̀ kan wà lóòótọ́ tó máa ń jáde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn ìbímọ: á pupa fún bí ọjọ́ mẹ́rin, á ṣì sí àwọ̀ ilẹ̀, á wá funfun nígbẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni ìyẹn ń wá, bíi nǹkan oṣù. Èyí tó ń tú yàà ní wákàtí àkọ́kọ́ kì í ṣe òun. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ìyá ró ni ìyẹn.

Bí oyún bá ti gbó, bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń gba ilé ọmọ kọjá níṣẹ̀ẹ́jú kan. Nígbà tí ekejì ọmọ (ibi ọmọ) bá já kúrò lára ògiri ilé ọmọ, ẹnu iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ohun tó ń pa á dé ni pé kí ilé ọmọ fúnra rẹ̀ súnkì, kó fún àwọn iṣan náà pinpin. Gbé ọwọ́ lé ikùn ìyá nítòsí ìdodo: ó yẹ kí o bá nǹkan roboto níbẹ̀ tó le bí àgbọn. Bó bá rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò, ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣòfò, bí kò tilẹ̀ tíì hàn lórí ẹní.

Ìtọ̀ tó kún àpò lè dí ilé ọmọ lọ́wọ́ kó má súnkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wẹ́wẹ́ ekejì ọmọ tó kù sínú, ìrọbí tó pẹ́ jù, oyún ìbejì, àti ilé ọmọ tó ti gbé oyún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, "mo ti bí márùn-ún láìsí wàhálà" kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé ló yẹ kí ẹ bí ẹ̀kẹfà sí.

Ìwọ̀n tí àwọn agbẹ̀bí ń ṣọ́ ni 500 mílílítà, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan péré. Bí ìlù ọkàn ìyá bá ti ń sáré, 300 ti tó láti gbé ìgbésẹ̀. Ojú kì í sì í wọn ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tànsáníà àti South Africa, èsì rẹ̀ jáde ní 2023. Níbi tí wọ́n ti ń fojú wọ̀n ọ́n, bí ìdajì àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ya ni wọn ò dá mọ̀; níbi tí wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá tó ní àmì ìwọ̀n sábẹ́ ìdí ìyá, wọ́n dá ju mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mọ̀. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ nìyẹn o, lábẹ́ iná mànàmáná! Àǹkárá dúdú tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ á mu ẹ̀jẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i. Ọ̀rá funfun tó nípọn ni kí ẹ tẹ́.

Oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì ni oxytocin, yúnìtì 10, tí agbẹ̀bí ń gún sí itan ìyá ní kété tí ọmọ bá jáde. Inú fìríìjì ló ń gbé, láàárín 2°C sí 8°C. Bó bá ti ń ṣeré nínú báàgì láti àárọ̀ nínú oòrùn, agbára rẹ̀ lè ti lọ. Misoprostol, oògùn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò nílò fìríìjì: oníhóró 200 máíkírógíráàmù mẹ́ta, gbígbé mì, lẹ́yìn tí wọ́n bá rí i dájú pé kò sí Kẹ́hìndé nínú. Ẹni tó bá lò ó láti fi yá ìrọbí nílé lè ya ilé ọmọ. Ó máa ń mú ara gbọ̀n, kó sì gbóná. Kì í ṣe ibà.

Ní London, agbẹ̀bí méjì ló sábà máa ń wá síbi ìbímọ ilé, oògùn tó ń mú ilé ọmọ súnkì sì wà nínú ẹrù wọn. Ẹ má fi ìyẹn wé ilé tí kò ní agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́.

Kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé, ẹ yẹ PCV (àyẹ̀wò tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára hàn) wò. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó 30, tàbí tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti ya rí, ilé ìwòsàn ni kó lọ. Ẹ wá ẹni méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Ẹ wakọ̀ dé ilé ìwòsàn tó ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára lẹ́ẹ̀kan lóru, kí ẹ mọ iye ìṣẹ́jú tó gbà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tàbí tí ekejì ọmọ kò bá jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbéra. Ẹ má fa ìwọ́, ẹ má gbé ìyá jókòó sórí omi gbígbóná, ẹ má fún un lágbo. Kó tọ̀, kí ọmọ máa mu ọmú, kí ìyá dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ẹ fi aṣọ bò ó. Bí ekejì ọmọ bá ti jáde, kí ẹni tó jókòó tì í nínú ọkọ̀ máa fi ọwọ́ ra ikùn rẹ̀ yípo, kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kó má sì gbọ́wọ́ kúrò títí wọ́n á fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.