Ìjáyà ti lọ, kí ló dé tí bíìpíì ò tíì sọ̀ kalẹ̀?

Ìyá kan tó ń tajà ní Kubwa ló bi mí ní ìbéèrè wọ̀nyí lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo kọ wọ́n síbí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń gbé Abuja.

Ìbéèrè: Mo wọkọ̀ ní Berger, ilé ni mò ń lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí mo fi rí i pé "one chance" ni wọ́n, àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá wọn dúró, ni mo bá já ilẹ̀kùn, mo bẹ́ sílẹ̀, mi ò mọ bí mo ṣe rí agbára ẹ̀. Nígbà tí mo dé kẹ́míìsì àdúgbò wa, wọ́n wọn bíìpíì mi, ó jẹ́ 172 lórí 104. Lọ́jọ́ kẹta, ó di 126 lórí 80. Ṣé ẹ̀rọ wọn ló parọ́ ni?

Ìdáhùn: Orí yín ò gbàbọ̀dè, Mọ́mì, ọpẹ́ ni. Ẹ̀rọ náà ò parọ́. Ẹ̀yà kékeré kan wà lórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, ó jókòó síbẹ̀ bíi fìlà. Bí ojú bá ti rí ewu, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí i, òun náà á sì da omi ara kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn tó ń lù bíi 75 ní ìṣẹ́jú kan lè fò dé 130, á sì máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde tagbáratagbára. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ àti ìfun á fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè rí ààyè lọ sí ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi sáré. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń tutù béèyàn bá jáyà. Ẹ̀dọ̀ á tú ṣúgà sílẹ̀, ọ̀nà èémí á là sí i. Ẹ ní ẹ ò mọ bẹ́ ẹ ṣe rí agbára já ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí mò ń sọ yìí ló fún yín lágbára. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é láìsàn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ẹnì kan kọ́kọ́ gbé mi délé, ó tó wákàtí kan kí n tó dé kẹ́míìsì, bí mo sì ṣe ń ròyìn fún wọn ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n.

Ìdáhùn: Adrenaline fúnra rẹ̀ kì í pẹ́, láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3, ìlàjì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ewu ti lọ. Ẹ ti ròyìn fún ẹni tó gbé yín délé, ẹ ròyìn fún àwọn ará ilé, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì tún un sọ ni ọpọlọ ń tún ìpè náà pè. Ẹ tún ní bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó fún oníkẹ́míìsì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n! Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan tó láti gbé e sókè. Kéèyàn kọ́kọ́ tọ̀, kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí apá wà ní ọgbọọgba pẹ̀lú àyà. Kó má mu kọfí, kó má sì jẹ obì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Kafíìnì tó wà nínú kọfí wà nínú gooro táwọn awakọ̀ ń jẹ kí oorun má bàa kùn wọ́n.

Ìbéèrè: Wọ́n fún mi lóògùn. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ibí ló ti dùn mí. Wíwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ìjáyà kò sọ yín di ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Oògùn tẹ́ ẹ lò nígbà tí bíìpíì ti wálẹ̀ lè fà á wálẹ̀ jù, kí òòyì sì gbé yín ṣubú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ rí dókítà. Ẹni tó ti ń lo oògùn tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ mi dá a dúró o.

Ìbéèrè: Ìyàwó àbúrò mi ní Lugbe ńkọ́? Nǹkan kan ò dẹ́rù bà á. Á jókòó, orí á dédé máa fọ́ ọ, àyà á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ó lábẹ́ fáànù. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, á lọ. Orí òkè ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ìdáhùn: Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ìpayà tí kò nídìí lè fà á, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè fà á, àti àwọn oògùn ọ̀fìnkìn kan. Ṣùgbọ́n orí fífọ́, àyà lílù àti òógùn, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kó ara wọn wá, ń jẹ́ kí dókítà ronú kan phaeochromocytoma. Kókó kan ni, ó máa ń hù sínú ẹ̀yà orí kíndìnrín yẹn, á sì máa da adrenaline sílẹ̀ láìsí ẹni tó rán an. Kò wọ́pọ̀ rárá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tàbí ìtọ̀ tí wọ́n gbà jọ fún wákàtí 24, ló ń fi í hàn, iṣẹ́ abẹ sì máa ń wò ó sàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ra propranolol fún un nítorí àyà lílù. Tó bá jẹ́ kókó yìí ni, oògùn yẹn nìkan lè mú kí bíìpíì fò sókè kọjá ààlà. Oògùn mìíràn tó ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, láti ọwọ́ dókítà. Bó bá tún ṣe é, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ àti aago sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bíi ti yunifásítì ní Gwagwalada. Ṣùgbọ́n tí àyà bá ń dùn ún, tí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tàbí tí ọwọ́ kan ò ṣe é gbé, kí wọ́n má dúró kọ nǹkan kan. Ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ wọn jù ni kí wọ́n gbé e lọ, bó ṣe òru ló jẹ́.