Bí Ètò Adarí Orogún Ṣe Kọ́kọ́ Wọ Inú Ẹ̀rọ tí A Kò Ṣe fún Un

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tánkẹ́, ní Ìlọrin, bá ra MacBook tòkunbọ̀, tí ó sì wá rí i pé ArcGIS Pro, ètò ìyàwòrán ilẹ̀ tí òun nílò fún iṣẹ́ àṣekágbá kò gba orí ohunkóhun ṣiṣẹ́ bí kò ṣe Windows, ohun tí wọ́n sábà máa ń bá a ṣe ni pé wọ́n á gbé Windows sínú virtual machine, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí kò ní ara ti ara rẹ̀, tí ètò kan ń dá sínú kọ̀ǹpútà tí ó ní ara. Ẹni tó bá béèrè ibi tí ọgbọ́n yìí ti wá, ìdáhùn tí yóò gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni pé ilé-iṣẹ́ VMware ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1999. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò tí mo ń gbè lẹ́yìn ni pé ìlú Cambridge ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ láàárín ọdún 1964 sí 1967, àti pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ó ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí kò dúró de ìyọ̀ǹda ẹni tó ṣe ẹ̀rọ.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni IBM, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, kéde ìdílé kọ̀ǹpútà tuntun kan, System/360, tí wọ́n ní yóò bá gbogbo iṣẹ́ mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Cambridge, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí kan tí a ń pè ní Project MAC, wo ẹ̀rọ náà, wọ́n rí i pé kò ní ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ General Electric, ilé-iṣẹ́ tó ń bá IBM figagbága, lọ. Ìtìjú ńlá ni èyí jẹ́ fún IBM, nítorí inú ilé kan náà tí Project MAC wà ni IBM ní ọ́fíìsì kékeré kan sí, Cambridge Scientific Center, tí Norm Rasmussen jẹ́ olórí rẹ̀. Ó jọ mí lójú pé ìtìjú yìí gan-an ni ó bí ọmọ náà. Nígbà tí ojú àwọn ọ̀gá ńlá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, tí kò sí ẹni tó tún ń retí ohun gidi láti Cambridge, àwọn ọmọ ọ́fíìsì náà rí àyè dá ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán wọn. Bóyá bí Project MAC bá ti gba ẹ̀rọ IBM ni, wọn ì bá ti fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé àṣẹ àwọn oníbàárà wọn, a kì bá sì gbọ́ nípa wọn mọ́.

Robert Creasy ni ó ṣáájú iṣẹ́ náà, Les Comeau sì jẹ́ igbákejì nínú èrò rẹ̀. Creasy fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé inú bọ́ọ̀sì tó ń ti Arlington bọ̀ wá sí Cambridge ni òun ti ṣe ìpinnu náà, àti pé láàárín Kérésìmesì ọdún 1964 sí ìparí ọdún náà ni òun bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó sínú ọkọ̀ láti Post Office lọ sí Òkè-Òdó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kò ní ṣe iyèméjì pé ènìyàn lè ronú jinlẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tí wọ́n rí lò ni System/360 Model 40, wọ́n sì pe ètò náà ní CP-40.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé jù lọ. Model 40 kò ní ohun tí virtual machine nílò. Kò mọ bí a ṣe ń tan ètò jẹ pé ibi tí ó wà nínú memory (ibi ìrántí kọ̀ǹpútà) kọ́ ni ó wà. Wọ́n ní láti fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ohun èlò kan mọ́ ẹ̀rọ náà, tí yóò máa tú àdírẹ́sì sí àdírẹ́sì, tí yóò sì gé memory sí abala kéékèèké tí wọ́n ń pè ní ojú ewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlóbáìtì mẹ́rin (4K). Bí a bá wá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí olùṣe rẹ̀ kò fọwọ́ sí, virtual machine àkọ́kọ́ tó pé pérépéré, orí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ó ti jí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. System/360 ní ipò méjì, ipò ọ̀gá àti ipò ọmọ iṣẹ́, àwọn àṣẹ kan sì wà tí ọ̀gá nìkan lè pa. CP-40 jókòó sí ipò ọ̀gá, ó sì fi gbogbo ètò adarí (operating system, irú èyí tí Windows jẹ́) tó kù sí ipò ọmọ iṣẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ pa àṣẹ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ó fẹ́ ka téèpù, ẹ̀rọ á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, á sì ké sí CP-40. CP-40 á wo ohun tí ó ń béèrè, á ṣe é fún un lórí kìkì ohun tí a pín fún un, á sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwa ará Ìlọrin kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ètò báyìí, nítorí Balógun mẹ́rin ni ìlú wa ní, Balógun Gàm̀bàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Ajíkòbí àti Balógun Alánámú, tí olúkúlùkù ní agbègbè àti àwọn ènìyàn tirẹ̀ láti ìgbà ogun, tí gbogbo wọn sì wà lábẹ́ Emir. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé Balógun mọ̀ pé Emir wà, nígbà tí ètò inú virtual machine gbà pé òun nìkan ni ó ni ààfin. Mẹ́rìnlá ni virtual machine tí CP-40 lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, 256K sì ni memory tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rò pé òun ní. Nígbà tí ó fi di oṣù Kìíní ọdún 1967, àwọn ènìyàn ti ń fi ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn.

Àwọn kan máa ń fa ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Manchester, nítorí ẹ̀rọ Atlas ti ọdún 1962. Atlas ní memory àfiṣe (virtual memory) lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀rọ àfiṣe (virtual machine). Àwọn mìíràn a dárúkọ M44/44X tí àwọn ará IBM ṣe ní Yorktown, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kò jọ ojúlówó tán. Ní ti ilé-iṣẹ́ Honeywell, tí ó fi ètò kan tí wọ́n pè ní Liberator fa àwọn oníbàárà IBM 1401 mọ́ra, ìtumọ̀ ètò láti èdè ẹ̀rọ kan sí òmíràn ni ìyẹn, kì í ṣe gbígbàlejò. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Orogún àkọ́kọ́ tún wà nínú ilé IBM fúnra rẹ̀. TSS/360 ni ètò tí àwọn ọ̀gá ńlá fẹ́ fún ẹ̀rọ tuntun, Model 67. Ó pẹ́ kó tó dé, nígbà tí ó sì dé, ó ń wọ́ bí ìgbín. Àwọn ará Cambridge ti gbé iṣẹ́ wọn sórí ẹ̀rọ kan náà, wọ́n pè é ní CP-67, àwọn ará ilé ìwádìí Lincoln Laboratory sì ti gbà á lọ́dún 1967. Ìkọ̀wé ètò náà (source code) wà lọ́wọ́ àwọn tó ń lò ó, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n ń pín àtúnṣe fún ara wọn, débi pé nígbà tí IBM rí i pé ọmọ tí òun kò fẹ́ ni ó ń bọ́ ilé, ó kéde VM/370 ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1972, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Lọ́dún 1974 ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Gerald Popek àti Robert Goldberg kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀: gbogbo àṣẹ tó bá lè tú àṣírí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè dá dúró. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó gbòde lẹ́yìn náà kò pa òfin yìí mọ́. Àṣẹ 17 tó rú u ni àwọn olùwádìí kà nínú Pentium, processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí Intel ṣe. Ẹ wo ọ̀kan nínú wọn, POPF: bí ètò tó wà nípò ọmọ iṣẹ́ bá fi gbìyànjú láti yí àmì tó ń gba interrupt (ìpè tó ń dá iṣẹ́ processor dúró) láàyè padà, ẹ̀rọ kò ní ké, kò ní dá a dúró, yóò kàn pa ohun tí ó béèrè tì. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ báyìí ni àwọn ará VMware, tí wọ́n wá láti Stanford, borí: wọ́n ń ka àṣẹ ètò àlejò kí ó tó dé ọwọ́ processor, wọ́n sì ń fi èyí tí kò léwu rọ́pò èyí tó léwu. Iṣẹ́ ńlá ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí àwọn ará Cambridge ti là ni wọ́n tọ̀. Ilé-iṣẹ́ Connectix pàápàá ti ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ lórí Macintosh láti ọdún 1997, lórí processor tí kò bá ti Windows tan rárá.

Èyí tó kù, gbogbo wa ló ṣojú rẹ̀. QEMU, ètò kan tó ń dá virtual machine sílẹ̀, dé ní ọdún 2003. Intel fi ìrànwọ́ sínú processor ní ìparí ọdún 2005, AMD tẹ̀ lé e. Àwọn ètò irú rẹ̀ tẹ̀ lé e: Parallels wọ Mac lọ́dún 2006, KVM àti VirtualBox dé lọ́dún 2007. Nígbà tí Apple gbé M1, processor tirẹ̀, jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, tí Windows kò sì gbà láti bá a lọ, kò tó oṣù kan tí Alexander Graf, olùkọ ètò kan, fi QEMU gbé e síbẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni Microsoft tó fọwọ́ sí ti Parallels. Apple ní tirẹ̀ kò yọ̀ǹda kí macOS ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Láti Tánkẹ́ dé Ọ̀mù-Àrán, iṣẹ́ náà kò yí padà púpọ̀. Lórí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí a wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) lọ tan virtualization (ìrànwọ́ processor fún virtual machine), nítorí a sábà máa ń bá a ní pípa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ pínpín RAM: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 8GB, 4GB ni a lè fún àlejò, bí onílé yóò bá rí èyí tí yóò fi mí. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ á máa pariwo, bátìrì á sì tètè lọ sílẹ̀, èyí tí kò dára níbi tí iná kì í dúró. Ní ti Windows 11, tó ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà) láti ọdún 2021, VirtualBox 7.0 àti QEMU lè dá TPM àfiṣe sílẹ̀ fún un, Windows á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì gbà pé ó wà, bí ara láàpútọ́ọ̀pù náà kò tilẹ̀ ní irú rẹ̀ rí.