Òfin ìwà akẹ́kọ̀ọ́ àti ìyanjú ẹ̀sùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ní Amẹ́ríkà

Òfin ìwà akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni ìlànà tó sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe, ìyà tó wà fún un, àti ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lè gbà fẹjọ́ sùn bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò jẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba tí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti wọ́pọ̀ jù. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni Joliet Junior College ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901. California ló ní èyí tó pọ̀ jù, kọ́lẹ́ẹ̀jì 116, òfin ìpínlẹ̀ náà sì ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ jù.

Púpọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò ní ilé gbígbé fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilé ni wọ́n ti ń wá, ọ̀pọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́. Nítorí èyí, inú kíláàsì, ibi ìgbọ́kọ̀sí àti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú họ́sítẹ́ẹ̀lì.

## Ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ojú òbí ni ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà fi ń wo àwọn aláṣẹ ilé-ìwé. Ní 1911, Berea College ní Kentucky fòfin de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ jẹun ní ilé oúnjẹ tí kò sí lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọ̀gbẹ́ni Gott, tó ní ilé oúnjẹ nítòsí ọgbà, pẹjọ́ nítorí pé oníbàárà ti sá fún un. Ní 1913, ilé-ẹjọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì láre: bí òbí ṣe lè ṣòfin fún ọmọ rẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe lè ṣòfin fún akẹ́kọ̀ọ́. Fún bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá lé kò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi gbára lé.

### Ẹjọ́ Dixon

Ẹjọ́ tó yí gbogbo rẹ̀ padà kò bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò rárá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú bíi 29 láti Alabama State College wọ ilé oúnjẹ tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé-ẹjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìlú Montgomery, wọ́n ní kí wọ́n ta oúnjẹ fún àwọn. Aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n ń tà fún níbẹ̀. Wọn kò dá wọn lóhùn, wọ́n sì ti ilé oúnjẹ náà pa. Gómìnà John Patterson, tó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, dá sí ọ̀rọ̀ náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi lé mẹ́sàn-án nínú wọn kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n wá sọ tẹnu wọn, lẹ́tà tí wọ́n fi lé wọn kò sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pàtó kan.

St. John Dixon àti díẹ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sí kóòtù. Fred Gray, agbẹjọ́rò ọmọ Montgomery, wà lára àwọn tó dúró fún wọn. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ìgbìmọ̀ láre. Ní oṣù Kẹjọ 1961, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ yí ìdájọ́ náà dà. Àwọn adájọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti ìjọba kò lè lé akẹ́kọ̀ọ́ láìfi ẹ̀sùn pàtó hàn án, kí wọ́n sì gbọ́ àwíjàre rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ orúkọ àwọn tó jẹ́rìí sí i àti ohun tí wọ́n sọ, kó sì láyè láti mú ẹ̀rí tirẹ̀ wá. Wọ́n fi kún un pé kò pọn dandan kí ìgbẹ́jọ́ náà rí bí ti kóòtù gan-an. Ní èdè tiwa, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni wọ́n fòfin dè. Ní 2018, ìpínlẹ̀ Alabama pa àkọsílẹ̀ ìlélọ náà rẹ́ kúrò nínú fáìlì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà.

Ní 1975, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi ẹsẹ̀ ìlànà yìí múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Goss àti Lopez, tó wá láti ilé-ìwé girama ní Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gbà pé ìdádúró ọjọ́ mẹ́wàá péré pàápàá ń béèrè pé kí wọ́n sọ ẹ̀sùn fún ọmọ náà, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ti ìjọba wà lábẹ́ gbogbo ìdájọ́ yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò sí lábẹ́ rẹ̀ ní tààrà. Ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé àdéhùn wọn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ ló sábà máa ń dè wọ́n.

## Ìwà tí òfin kà léèwọ̀

Òfin Ẹ̀kọ́ California, ní ìpín 76033, ka ohun tó lè mú kí wọ́n dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró tàbí lé e: kó máa da ẹ̀kọ́ rú léraléra, kó máa mọ̀ọ́mọ̀ ṣàìgbọràn, kó máa bú òṣìṣẹ́, kó lu ènìyàn, kó ba dúkìá jẹ́, kó lo oògùn olóró tàbí kó tà á, títí dé sìgá mímu níbi tí wọ́n ti kà á léèwọ̀. Ìpín 76034 pààlà sí agbára yìí: ìwà náà gbọ́dọ̀ kan kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá onílé rẹ̀ jà lórí owó ilé kì í torí ẹ̀ di ẹni tí díìnì, ìyẹn òṣìṣẹ́ àgbà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ń pè. Òfin yọ ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ sọ́tọ̀ nínú ààlà yìí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kì í sábà tó láti fi jẹ akẹ́kọ̀ọ́ níyà. Nínú ẹjọ́ Papish ní 1973, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní yunifásítì ìjọba kò lè lé akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé ìwé ìròyìn tó ń pín kò bá ìwà ọmọlúàbí mu lójú àwọn aláṣẹ.

Jíjí ìwé wò nínú ìdánwò àti jíjí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ máa ń gba ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà: olùkọ́ lè fún iṣẹ́ náà ní òdo, kó sì tún fi sùn ní ọ́fíìsì díìnì.

## Bí ẹjọ́ ṣe ń lọ

Ní California, olùkọ́ lè lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde ní kíláàsì fún ọjọ́ náà àti ìjókòó kíláàsì tó tẹ̀ lé e, kó sì fi tó àwọn aláṣẹ létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kíláàsì bá jẹ́ ti ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́rú, tí wọ́n lé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba ìpè lórí fóònù láìka ìkìlọ̀ sí jáde ní ọjọ́ Ajé, yóò pàdánù Ọjọ́rú, yóò sì padà wọlé ní ọjọ́ Ajé kejì, àyàfi bí díìnì bá ti gbé ìgbésẹ̀ mìíràn. Bí kò bá tíì pé ọdún 18, wọ́n máa ń pe òbí rẹ̀ wá fún ìpàdé.

Ẹ̀sùn tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tàbí ímeèlì, lẹ́yìn náà ni ìjókòó pẹ̀lú díìnì. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ń parí sí, pẹ̀lú ìkìlọ̀ tàbí ìlérí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá gbà, ìgbìmọ̀ tí olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń wà nínú rẹ̀ yóò gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀rí tó tẹ̀wọ̀n jù ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbi púpọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí tí kò ní iyèméjì kankan bíi ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Wọ́n sábà máa ń gba alátìlẹ́yìn láyè láti jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì lè dá akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn nìkan ló lè lé e pátápátá. Ìdákọ́ńkọ́ ni ìgbìmọ̀ náà ti ń jíròrò, àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní kó wáyé ní gbangba. Ìpinnu ìkẹyìn gbọ́dọ̀ wáyé ní gbangba.

Ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ tipátipá ní ìlànà tirẹ̀, lábẹ́ Title IX, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1972 tó ka ẹ̀tanú láàárín ọkùnrin àti obìnrin léèwọ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2020 ní kí ìgbẹ́jọ́ ojúkojú wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Ìlànà tuntun jáde ní 2024, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kan ní Kentucky fagi lé e ní oṣù Kìn-ín-ní 2025, ti 2020 sì padà bọ̀ sípò.

## Ẹ̀sùn láti ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́

Máàkì ló ń fa àròyé jù. Ìpín 76224 nínú Òfin Ẹ̀kọ́ California ní máàkì tí olùkọ́ bá fi sílẹ̀ ni abẹ gé, àyàfi tí àṣìṣe, màgòmágó, inú burúkú tàbí àìmọṣẹ́ bá wà níbẹ̀. Nínú ẹjọ́ Horowitz ní 1978, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ pẹ̀lú ya ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìwà: akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n lé nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára tó kò ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ìwàkiwà kàn.

Ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ti ìbálòpọ̀ tàbí ti àìlera ara tún lè lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ní iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, láàárín ọjọ́ 180 sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

## Àkọsílẹ̀, òbí àti físà

FERPA, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1974 lórí àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí fáìlì rẹ̀ láàárín ọjọ́ 45. Bó bá ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òun ló ni ẹ̀tọ́ náà, bí kò tilẹ̀ tíì pé ọdún 18. Òbí tó bá tẹ díìnì láago lè má rí èsì kankan gbà, àyàfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fọwọ́ sí i tàbí tí òbí ṣì ń kà á mọ́ àwọn tí òun ń gbọ́ bùkátà wọn nínú ìwé owó orí.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà F-1, bíi ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Nàìjíríà wá, gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán yúnìtì 12 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ìdádúró fún odidi sáà kan lè ba ipò rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ ìwọlé-wọ̀de, yálà ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti parí tàbí kò tíì parí. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ń dá ìyà náà dúró títí ẹjọ́ yóò fi parí. Àwọn mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀.