Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà Pààrọ̀ Èdè?

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ kíkọ prógíráàmù ní Ìlọrin, pàápàá ní Tanke tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin pọ̀ sí, ìbéèrè kan kì í tán: ṣé kí wọ́n fi èdè prógíráàmù tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀? Ẹni tó ń kọ́ PHP gbọ́ pé Python ni gbogbo ayé ń lò báyìí, ẹni tó wà nídìí Python gbọ́ pé JavaScript ló ń tètè mú owó wọlé, ẹni tó sì ti ń fi JavaScript ṣiṣẹ́ ti ń wo ọ̀nà Rust. Èrò tèmi ni pé, bí ẹ kò bá tíì fi èdè àkọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ kan parí débi pé ẹlòmíràn ń lò ó, kò tíì tó àkókò láti kúrò nídìí rẹ̀, àyàfi bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe bá béèrè bẹ́ẹ̀.

Èdè prógíráàmù ni ọ̀nà tí a là sílẹ̀ láti kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé, ohun tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ń wá ló sì máa ń pinnu ibi tó ti mókè. Guido van Rossum, tó gbé Python jáde ní ọdún 1991, fẹ́ èdè tí yóò rọrùn fún ènìyàn láti kà. Brendan Eich ṣe JavaScript ní 1995 kí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì lè máa dá ẹni tó ń lò ó lóhùn. Síbẹ̀, ohun tó pa àwọn èdè wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tó yà wọ́n lọ: fífi orúkọ sí iye, wíwò bóyá nǹkan rí bẹ́ẹ̀ kí a tó ṣe òmíràn, àti títún iṣẹ́ kan ṣe léraléra.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀fà ní kí ẹ ṣe ètò tí yóò máa ṣe ìṣirò èsì ìdánwò. Ọmọ kan gba òdo. Ọmọ kejì ń ṣàìsàn, kò sì jókòó ṣe ìdánwò náà rárá. Bí ẹ bá kọ òdo fún àwọn méjèèjì, ẹ ti rẹ́ ọmọ kejì jẹ, áfẹ́réèjì kíláàsì yóò sì wálẹ̀ láìyẹ. Python ń pe àìsí iye ní None, PHP àti JavaScript ń pè é ní null, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ọmọ méjèèjì yàtọ̀: ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ bi olùkọ́ léèrè. Bí iná bá sì lọ nígbà tí olùkọ́ tẹ máàkì dé ìdajì ńkọ́? Ibi ìpamọ́ dátà ni a ti ń ṣètò rẹ̀, kí gbogbo máàkì lè wọlé pọ̀ tàbí kí ìkankan má wọlé. SQL tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ kì í sì í yí padà nítorí pé ẹ fi PHP sílẹ̀ fún Python. Irú ìṣòro báyìí ló ń sọ ènìyàn di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí ọ̀dọ́ tó ní làákàyè bá ń sá fún un láti èdè dé èdè, tó ń tún ẹ̀kọ́ oṣù àkọ́kọ́ kọ́ ní gbogbo ìgbà.

Àmọ́ ìdí tó tọ́ wà. Láti 2019 ni Google ti fi èdè Kotlin ṣáájú fún kíkọ áàpù Android, nítorí náà ẹni tó ń fi èdè Java ṣe irú áàpù bẹ́ẹ̀ kò ṣìnà bó bá kọjá sí i, pàápàá nígbà tí kóòdù méjèèjì lè jọ wà nínú iṣẹ́ kan náà. TypeScript, tí Microsoft gbé jáde ní 2012, kò tilẹ̀ yẹ ní pípè ní ìpààrọ̀ fún ẹni tó mọ JavaScript, nítorí pé orí JavaScript ni wọ́n kọ́ ọ lé. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe ìtúpalẹ̀ dátà yóò bá irinṣẹ́ bíi pandas àti NumPy nílẹ̀ ní Python.

Bí ẹ bá ti pinnu láti kọjá, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe parí tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ tún fi èdè tuntun kọ. Níwọ̀n bí ẹ ti mọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe, èdè nìkan ló kù fún yín láti kọ́. Àwọn òbí tí wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ náà lè ṣèrànwọ́: dípò kí wọ́n béèrè èdè tí ọmọ ń kọ́, kí wọ́n ní kó fi ohun tó ti ṣe hàn wọ́n. Bí agbanisíṣẹ́ bá sì ń fẹ́ èdè tí ẹ kò tíì mọ̀, ẹ fi iṣẹ́ tó parí náà hàn án, ẹ ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye àkókò tí ilé iṣẹ́ náà lè fún yín láti kọ́ èdè tiwọn.